Ibo Ló Ń Dùn Ún

Mo gbé ańpù bàbá mi dé Odòjọ̀mù lórí ọ̀kadà,
mo dì í mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Eruku kòkó àtijọ́ ṣì wà nínú ihò rẹ̀.

Ọ̀gá Akínmúrelé kò tiẹ̀ gbé ojú sókè.
Ó ní, "Kí ló ṣe ohùn rẹ̀?"
Mo ní, "Kò dára."
"Kò dára kì í ṣe orúkọ àìsàn.
Bí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé wàá ní ara mi kò dára,
kí o sì panu mọ́ ni?
Ibo ló ń dùn ún?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé etí mi gbọ́ràn,
ṣùgbọ́n kò lẹ́nu.

Ó so sípíkà méjì mọ́ ọn, ó tan án.
"Gbọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wú.
Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nílé kejì:
odó lò ń gbọ́, o kò gbọ́ ohun tí ìyàwó ilé ń sọ.
Wíwú kì í ṣe sísanra o.
Ohùn tó rinlẹ̀, á wọlé, á jókòó, á sì dìde lásìkò
bí àlejò tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú."

Ó yí bọ́tìnnì kan. "Èyí ńkọ́?"
"Ó mọ́lẹ̀," ni mo wí.
"Ó mọ́lẹ̀, àbí ó ń ta ọ́ létí?"
Mo tún un gbọ́: ẹnu obìnrin tó ń kọrin náà
ń ya bí bébà ní gbogbo ibi tó bá ti pe "ṣé".
"Ìmọ́lẹ̀ ni kí o fi ríran.
Bó bá di pé o ń fọwọ́ bojú,
páànù tuntun nínú oòrùn ọ̀sán nìyẹn.
Páànù ni kí o máa pè é."

Wọ́n mú iná lọ.
A jókòó sínú òkùnkùn, òórùn irin yíyọ́ ń rọra tú ká,
ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé ẹ̀rọ ṣì ń dún:
ohùn tó ṣú, òkè Ìdànrè nínú ọyẹ́,
o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ojú rẹ kò kàn tó o;
ohùn tó fẹ́lẹ́, ẹ̀kọ tí wọ́n bu omi lù nítorí àlejò pọ̀;
ohùn tó há, gbogbo wọn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo,
onígìtá ń tẹ onífèrè lẹ́sẹ̀.
Mo bi í nípa ohùn tó lọ́wọ́ọ́wọ́,
èyí tí bàbá mi máa ń yìn.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Irọ́ ni díẹ̀.
Irú irọ́ tí ìyá ń pa pé òun ti jẹun."

Iná dé. Ó pààrọ̀ kapásítọ̀ méjì tó ti gbẹ.
Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì kan nínú báàgì mi.

Ṣíìììì, bí òjò lórí ewé kòkó,
lẹ́yìn náà ni bàbá mi:
"Bágbè, àpò mẹ́rìndínlógún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa."
Ó wúkọ́. Ó ka owó. Ilẹ̀kùn kan dún.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí bọ́tìnnì kó lè gé ariwo òjò yẹn kúrò.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ó wò mí. "Ó dáa. Kí lo máa pe èyí?"

Kò wú. Kò ṣú. Kì í ṣe páànù.
Ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ó sì há,
ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí.
Mo ní, "Ó sún mọ́ mi."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ògiri,
lábẹ́ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó.
Ó sì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ́wọ́ mi,
kò dín kọ́bọ̀.